Ẹni Tó Ń To Àga

Bí ẹ bá bi ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí léèrè pé irú iṣẹ́ wo ló fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe, ìdáhùn méjì ló ní. Èyí tó wà nínú ìwé ni pé aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni nílẹ̀ òkèèrè. Èyí tó máa ń sọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà mọ́ ni pé, "Àga ni mo ń tò." Kò sì purọ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló ti ṣiṣẹ́, nínú gbogbo rẹ̀ òun ni wọ́n ń fi ètò ìjókòó lé lọ́wọ́ nígbàkigbà tí àsè bá wà, àsè kì í sì í tán nínú iṣẹ́ wọn.

Ẹ má fojú kéré àga títò o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìlú kan gẹ́gẹ́ bí aṣojú ní í jókòó ṣáájú ẹni tó dé lẹ́yìn, orílẹ̀-èdè ẹni tó dé lẹ́yìn ìbáà tóbi ju ti èkíní lọ nígbà mẹ́wàá. Àwọn méjì tí ìjọba wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó síbi tí ọ̀bẹ ọ̀kan ti lè dé ọ̀dọ̀ èkejì. Àlejò pàtàkì, ọwọ́ ọ̀tún onílé ni tirẹ̀. Ọkùnrin wa á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ wọn sórí káàdì funfun kéékèèké, lẹ́tà rẹ̀ á gún régé bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, á wá gbé e síwájú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣèèṣì fi aṣojú kan sí àga kan péré nísàlẹ̀ ibi tó tọ́ sí i, ẹni náà ò ní pariwo. Yóò kàn yí abọ́ rẹ̀ dé sórí tábìlì ni, yóò káwọ́ gbera, kò sì ní fi nǹkan kan kan ẹnu títí àsè yóò fi tán.

Ó ti rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, òun ló fà á. Lọ́jọ́ kejì lẹ́tà ìbínú dé, wọ́n sì ní ẹni tó dá ọ̀ràn náà ni kó fèsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ èsì yẹn. Nígbà tó parí ẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á tó lè sọ bóyá wọ́n tọrọ àforíjì tàbí wọn ò tọrọ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kà á tán, ó dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn ni òun di aṣojú gidi, ọjọ́ yẹn náà sì ni òun ò mọ ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Nítorí nínú iṣẹ́ wọn, "bẹ́ẹ̀ ni" wúwo lẹ́nu, "bẹ́ẹ̀ kọ́" sì lè dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni "Ẹ jẹ́ á wò ó." Ó sọ ọ́ títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó ń gbé tíì kiri bi í pé ṣé kí òun fi ṣúgà sí i, ó ní ẹ jẹ́ á wò ó. Dókítà tẹ̀ ẹ́ ní ìhà, ó ní ṣé ó ń dùn yín, ó ní ẹ jẹ́ á wò ó. Nílé àbúrò rẹ̀, Bàbá Ẹ-Jẹ́-Á-Wò-Ó ni àwọn ọmọdé sọ ọ́, orúkọ náà sì bá a mu ju kóòtù tó ń wọ̀ lọ.

Àbúrò rẹ̀ yìí, kápẹ́ńtà ni. Ọdún méjì ló fi ju àbúrò náà lọ, ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń kan àga, èkejì ń tò ó. Kápẹ́ńtà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ń ròyìn àsè ńláńlá fún wọn, á gbé ayùn sílẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o. Bí irú àwa ò bá kàn án, kí lẹ fẹ́ tò?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n náà á sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ohun tí kò jọ ẹ̀rín ni ti ọmọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìwé tó ní kí bàbá rẹ̀ kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn sì dé kí oṣù náà tó parí. Ó mú ọmọ lọ́wọ́, ó gbé àpò aṣọ rẹ̀ kékeré, ó kó wọn lọ sílé Kápẹ́ńtà. Ó ní, "Oṣù mẹ́fà péré ni. Bí mo bá ti rí ilé tó dáa, mo máa wá mú un." Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oṣù mẹ́fà náà di ogún ọdún.

Kì í ṣe pé kò rí ilé o. Ó rí ilé mẹ́rin, gbogbo wọn ní kọ́tìnnì aláwọ̀ eérú kan náà, bí ẹni pé ẹnì kan ló ń gbé kọ́tìnnì náà tẹ̀lé e kiri. Páálí méjì wà tí kò tú rí láti ìlú àkọ́kọ́ dé ìlú ìkẹrin. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí "ẹ káàárọ̀" ní èdè mẹ́rin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fi sọ pé inú ń run òun. Àjò kì í dùn kónílé má relé, òun náà mọ òwe yìí dáadáa, ó tiẹ̀ máa ń fi í ṣí ọ̀rọ̀ níbi àpèjẹ. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń parí, iṣẹ́ kan á yọjú tí kò ṣeé fi sílẹ̀, àga kan á wà tí ẹlòmíràn ò lè tò.

Ní ọdún méjì-méjì ló ń gba ìsinmi wálé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Bàtà tó rà fún ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló bá nílé. Ọmọ á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, sà," á gbé bàtà náà fún ọmọ Kápẹ́ńtà tó kéré jù. Sà ló ń pè é. Kápẹ́ńtà ló ń pè ní Dádì. Ìtàn bàbá rẹ̀ kan ṣoṣo tó pa á lẹ́rìn-ín rí ni ti aṣojú tó yí abọ́ rẹ̀ dé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kó tún un sọ, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrántí ọ̀sán ọjọ́ náà ni bàbá yìí gbé lọ sí orílẹ̀-èdè kẹta, òun ló sì ń tú wò dípò páálí.

Lẹ́tà wá wà. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́sàn-án, ó kọ̀wé sí i. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ máa wá nígbà ọlidé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́." Lẹ́tà yìí bá ọkùnrin wa láàárín fáìlì, lọ́jọ́ tó ti fèsì sí mọ́kànlá ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń kọ ọ́ lọ ni. Ó ní inú òun dùn láti jẹ́wọ́ pé lẹ́tà ọmọ náà ti tẹ òun lọ́wọ́. Ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ni à ń gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú gbogbo àníyàn tó yẹ, àti pé a ó fi èsì ránṣẹ́ nígbà tí àkókò bá tó. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kọ ipò rẹ̀ sísàlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Ọmọ gbé ìwé náà lọ fún Kápẹ́ńtà kó bá òun túmọ̀ rẹ̀. Kápẹ́ńtà kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí i sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú. Ó ní, "Wọ́n ní kí n kí ẹ."

Ẹni ọgọ́ta ọdún ni ọkùnrin wa nígbà tó fẹ̀yìn tì tó sì padà wálé. Ó gba yàrá méjì ní òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà wà, tòun ti páálí méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, iṣẹ́ ẹni tó tọ́ ọ ló sì kọ́. Òun ló ń fá ara àga, òun ló ń kùn ún, àwọn oníbàárà sì ti ń béèrè òun ṣáájú ọ̀gá. Bàbá rẹ̀ a máa lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà ní àárọ̀, á wọ kóòtù, á de táì, lẹ́búlẹ́bú pákó á bà lé e. Wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," wọ́n á nu àga fún un, iṣẹ́ á máa lọ.

Kò tíì pé oṣù méje tó dé tí ọmọ náà ní òun fẹ́ lọ́kọ. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ láàárọ̀, ọgbọ̀n ènìyàn á sì jẹun ọ̀sán nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí ibẹ̀ ni àga wà. Ẹ ò rí bí inú ọkùnrin wa ṣe dùn tó. Ó sáré wọlé, ó mú káàdì funfun rẹ̀ jáde, ó pọ́n gègé.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Mo ti tò ó."

Ohun kan péré ló fẹ́ láyé ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ ọ. Ó fẹ́ jókòó sí àga bàbá ìyàwó. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe fún ọmọ yìí ti kọjá lọ, bàtà, ilé ìwé, ibà, ẹkún. Èyí nìkan ló kù tí wọ́n lè fi pè é ní bàbá níṣojú ènìyàn. Ó rò pé wọn ò ní fi èyí dù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá tábìlì gún. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìfági sí kọ̀rọ̀, wọ́n da aṣọ bò ó. Ọmọ rẹ̀ kò lo káàdì. Pákó pẹlẹbẹ kéékèèké ló gé, ó fá a dán, ó fi pẹ́ńsùlù kápẹ́ńtà kọ orúkọ sí i. Ní orí tábìlì, níwájú àga ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló rí, lábẹ́ rẹ̀: Bàbá Ìyàwó. Ní ọwọ́ ọ̀tún àga náà, orúkọ tirẹ̀ ló wà, lábẹ́ rẹ̀: Àlejò Pàtàkì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìjókòó náà tọ̀nà. Aṣojú tó burú jù kò lè rí i kó yí abọ́ rẹ̀ dé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́nu iṣẹ́ pé ẹni tí kì í ṣe ará ilé là ń fún níbi tó dára jù. Ó ti sọ ọ́ nígbà tí kò lóǹkà, kò dùn ún rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó dùn ún.

Àgbà ni, ó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í gbàgbé. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó yọ káàdì funfun méjì lápò àyà, ó kọ ọ́ kíá. Bàbá Ìyàwó, orúkọ tirẹ̀. Àlejò Pàtàkì, orúkọ àbúrò rẹ̀. Ó kó pákó méjèèjì sápò, ó fi káàdì rọ́pò wọn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ ipò fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣe é fún ara rẹ̀, àga kan péré ló sún, ó sì jí i gbé ni.

Wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé. Bó ti ń rìn, pákó méjèèjì ń kanra wọn nínú àpò kóòtù rẹ̀, kọ, kọ, kọ. Ó ń wúkọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ìyàwó Kápẹ́ńtà ní kó lọ ra oògùn ikọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Kápẹ́ńtà ló kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì. Ó tẹ̀ ba, ó ka káàdì èkíní, ó ka èkejì, ó wo àga ọlọ́wọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí ìjókòó àlejò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó kí oúnjẹ má tutù." Kò bínú rárá. Ká ní ó bínú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ó ti múra ẹjọ́ sílẹ̀.

Ìyàwó wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó dé ìdí tábìlì, ó dúró. Ó rí káàdì funfun, kò sì sí ẹni tó mọ ìkọ̀wé yẹn tó o, ogún ọdún ló fi ń gba lẹ́tà tí wọ́n fi kọ. Ó jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú abọ́ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì yí i dé.

Nínú ọgbọ̀n ènìyàn tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló yé. Ó yé e dọ́ba.

Ìyá ọkọ ìyàwó, tó jókòó lódìkejì, fọwọ́ kàn án lápá. "Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, mà. Mo ń retí nǹkan kan ni."

Ìyá náà wo káàdì, ó wo àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ìlú mìíràn ni ó ti wá, ojú wọn ò tíì mọ́ ọn lára. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi o. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bá bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó dà bíi pé ohùn ti ẹni tó jókòó síbí yìí ni mo gbọ́." Ó nawọ́ sí Kápẹ́ńtà. Ó wá yíjú sí ọkùnrin wa. "Ẹ̀yin wá lẹ wà lórí àga bàbá ìyàwó. Ta gan-an ni bàbá ìyàwó?"

Kápẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwo oúnjẹ bí ẹni pé ó fẹ́ rà á. Ọkùnrin wa la ẹnu, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ á..." ló wí, àwọn ọmọ Kápẹ́ńtà tó wà nísàlẹ̀ tábìlì sì ti ń bo ẹnu. Ó gbé e mì. Ó dìde dúró, ó kó pákó méjèèjì jáde lápò, ó tò wọ́n padà síbi tó ti jí wọn.

"Òun ni bàbá ìyàwó," ló wí, ó di àbúrò rẹ̀ léjìká mú. "Èmi ni mo bí i. Òun ló tọ́ ọ. Èmi ni mo pààrọ̀ orúkọ láàárọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rán mi." Ó sì kúrò nídìí àga ọlọ́wọ́ náà.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ níbi àsè láti ìgbà èwe rẹ̀, èyí ló kúrú jù, òun nìkan náà ni ẹnikẹ́ni lè tún sọ. Ọmọ rẹ̀ dúró kí Kápẹ́ńtà jókòó dáadáa. Ìgbà náà ló ṣí abọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ sí i. Kò wo bàbá rẹ̀. Ọkùnrin wa jẹun ní ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀, ojú ń tì í, ó sì jẹ ẹ́ tán, nítorí oúnjẹ náà dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére. Ọkùnrin wa ò mọ ìgbà tó yẹ kóun lọ. Ó fẹ́ bá wọn gbé àga, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kó ife, obìnrin kan ní, "Háà, ẹ jókòó, sà, àlejò pàtàkì!" Ó jókòó. Ìyá ọkọ lọ, ọkọ̀ tó gbé wọn wá lọ, ṣọ́ọ̀bù ṣófo, òun nìkan ló kù nídìí tábìlì gígùn náà, tòun ti pákó orúkọ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ti bọ́ aṣọ ìyàwó, ó ti wọ bùbá lásán, aṣọ ìnubọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì nìkan ló ń fọ abọ́ níta," ló wí. "Ẹ wá bá wọn nù ún, sà."

"Ṣebí àlejò ni mí?" Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, kò jáde bí àwàdà.

"Àwọn àlejò ti jẹun tán, wọ́n ti lọ sílé wọn. Ẹ̀yin ṣì jókòó síbí." Ó na aṣọ ìnubọ́ sí i, kò rẹ́rìn-ín, kò sì fà á sẹ́yìn. "Ṣé ẹ máa wá? Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ìbéèrè náà ti wà nílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, ó sì bọ́ kóòtù rẹ̀.